Ìwé Dókítà Pálmà Tí Mo Bá Wọn Tọ́jú

Ẹ̀rọ lamínéètì ìjọ wa, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ní Thamesmead ní London, lórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọ́n gbé e fún mi nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ń fi ọ̀rá ṣòfò. Wọ́n á fi odidi ọ̀rá kan bo káàdì ẹyọ kan, wọ́n á wá gé ìyókù dànù. Ní tèmi, mo máa ń to káàdì mẹ́rin sínú ọ̀rá kan, wọn kò sì gbọdọ̀ fara kanra. Èmi ni mo ṣe káàdì ọrùn àwọn akọrin. Èmi ni mo ṣe ìkìlọ̀ ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀: “Fọ ọwọ́ rẹ. Pa iná. Má fi omi ṣòfò.” Bí ìwé bá ti inú ẹ̀rọ yẹn jáde, tó gbóná, tó ń dán, tó le gbagidi, inú mi a máa dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí Auntie Veronica gbé ìwé bàbá àgbà rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Auntie Veronica ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Woolwich Dockyard ló ń gbé, ní àjà kejì, níbi tí èèyàn ti lè rí odò láàárín ilé méjì bó bá na ọrùn dáadáa. Bàbá àgbà rẹ̀ ni Dókítà Esekíẹ́lì Pálmà, ọmọ Sàró, tó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Scotland. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń du ipò ní Èkó, òun lọ jókòó sí Ìtúnlá, ìlú kékeré kan, ó sì ń wo aláìsàn níbẹ̀ títí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi parí. Kò sí òpópó kankan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ ni àpótí irin kan tó kún fún ìwé: ìwé ẹ̀rí rẹ̀, lẹ́tà òun àti ìyàwó rẹ̀, àkọsílẹ̀ àìsàn àwọn aráàlú, àti ẹ̀dà lẹ́tà ìbínú tó ń kọ sí ìjọba nítorí oògùn ibà tí kò dé.

Auntie gbé àpótí náà láti Ìtúnlá dé Èkó, láti Èkó dé Woolwich. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ kó tó kú: kí ìwé bàbá àgbà rẹ̀ wà níbi tí àwọn èèyàn á ti máa wá béèrè fún un, tí wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ nígbà kan ní ilé ìpamọ́ ìwé kan nílé. Ẹni tó pàdé níbẹ̀ sọ fún un pé dókítà ìlú kékeré ni, pé àwọn èèyàn ńlá ni àwọn ń gba ìwé wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára rẹ̀. Kódà bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹja, ó lè yà síbẹ̀.

Nígbà tó wá di pé ilé ìpamọ́ ìwé àtijọ́ kan níbí kọ̀wé sí i pé àwọn yóò rán ẹnì kan wá wo àpótí náà, Auntie pè mí.

“Gbénró, ìwọ lo máa bá mi tò ó. Fọlárìn ọmọ mi ò ní sùúrù. Tí mo bá gbé e fún un, inú gáréèjì ló máa jù ú sí.”

“Ẹ gbé e fún mi, Ma.”

“Má ju ìkankan nù o.”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ mí, Auntie. Ìgbà wo ni mo ju nǹkan nù rí?”

“Òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ike yọ́gọ́ọ̀tì ò jẹ́ ká rí ibi jókòó nílé ẹ.”

“Àwọn ike yẹn wúlò, Ma.”

“Fún kí ni?”

Mo gbé àpótí náà wọ bọ́ọ̀sì 177, mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun. Nígbà tí obìnrin kan ní kí n jọ̀wọ́ gbé e sílẹ̀ kí òun lè kọjá, mo wò ó títí ó fi gba ọ̀nà mìíràn.

Mo ní ìwé ẹ̀rí nínú ìtọ́jú fáìlì. Nígbà tí mo wà ní Ìbàdàn ni mo kọ́ ọ, nípasẹ̀ lẹ́tà. Ilé ẹ̀kọ́ náà wà ní ìlú òyìnbó. Wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́, èmi náà ń fi ìdáhùn ránṣẹ́ padà, máàkì mi sì dára. Gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá lórí fáìlì ilé iṣẹ́ kan tó ń ta rọ́bà. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí wọ́n ti dárúkọ ìwé àtijọ́. Èmi kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín dókítà àti rọ́bà. Ìwé ni ìwé, mo wí.

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nílé wa sì mọ ohun tí a ń ṣe sí ìwé tó ṣe pàtàkì. Ọjọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí ìdánwò mi, n kò tíì jẹun tí mo fi gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ṣe lamínéètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìwé ìbí, ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó, gbogbo wọn ló wọ ọ̀rá. Òótọ́ ni pé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, ọmọbìnrin kan ní ọ́fíìsì kan sọ fún mi pé òun kò lè lu òǹtẹ̀ sára ìwé tó wà nínú ọ̀rá. Mo káàánú rẹ̀. Mo rò pé wọn kò tọ́ ọ dáadáa.

Nítorí náà, nígbà tí mo ti to ìwé Dókítà Pálmà tán, tí mo rí i pé omi ti kan òmíràn, tí etí òmíràn sì ń rún bí bísíkíìtì, n kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ki ẹ̀rọ bọ iná.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé pépà ayé ìgbà yẹn gùn ju ọ̀rá lọ. Mo yẹ̀ wọ́n wò: òfìfo ni ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Mo gbé rúlà, mo gbé sísọ́ọ̀sì, mo gé òfìfo náà kúrò, ó gún régé. N kò sì ju èyí tí mo gé nù. Pépà tó nípọn ni, ó dára. Mo dì wọ́n pọ̀, mo ń kọ orúkọ ọjà tí mo fẹ́ rà sí wọn.

Ìṣòro kejì ni ìwé ẹ̀rí tó gbà ní Scotland. Èdìdì pupa kan wà lára rẹ̀, tó tóbi bí ìdérí ìgò. Bó ṣe wọ inú ẹ̀rọ, mo gbọ́ ìró kan, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ẹnu fa eegun. Nígbà tó jáde, èdìdì náà ti tẹ́ rẹrẹ bí epo lórí ọbẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ó ṣì pupa síbẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tó tẹ̀ lé e ló jáde pẹ̀lú ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́bàá etí, mo sì rò pé ìlà náà bá wọn mu. Lẹ́tà Dókítà àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n.

Lẹ́yìn ìyẹn mo lu ihò sí etí wọn, mo kó wọn sínú fáìlì ńlá kan, mo fi káàdì aláwọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀: “Ìyàwó”, “Ìjọba (Ìbínú)”, “Ibà”, “Àìsàn Yòókù”. Mo gbé fáìlì náà sókè, mo mì ín. Kò sí ìkankan tó jábọ́. N kò fi han Auntie, nítorí mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ọmọbìnrin tí ilé ìpamọ́ ìwé rán wá ń jẹ́ Tọ́ládé. Plumstead ni wọ́n bí i sí, nítòsí pápá tí wọ́n ń pè ní Common, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, àfi pé ó máa ń gbàgbé láti fi ẹ kún un. Auntie nìkan ló rántí láti bọ̀wọ̀ fún. Nígbà tó wọlé Auntie, ó ní kí á gbé tíì kúrò lórí tábìlì, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nu ún gbẹ ìka kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, ẹni tó mọ iṣẹ́ nìyí, àwa méjèèjì á gbọ́ ara wa yé.

Mo gbé fáìlì síwájú rẹ̀, mo ṣí i.

“Ah, Uncle, o ti ṣe copies! Ó dáa gan-an. Níbo ni àwọn original wà?”

“Àwọn nìyẹn.”

“Rárá, original. Àwọn tí Dókítà fọwọ́ ara ẹ̀ kọ.”

“Àwọn náà nìyẹn,” mo wí, mo sì fi èékánná kan ojú ewé àkọ́kọ́ kó lè gbọ́ bó ṣe le tó. Ó dún kò-kò.

Tọ́ládé fa fáìlì náà sún mọ́ra. Ó fi ìka kan gbé ewé náà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ewé kejì, ó wo ìkẹta.

“Uncle, please. Ṣé o laminate ẹ̀ ni?”

“Gbogbo rẹ̀. Àwọn kan kò lẹ̀ dáadáa, mo tún wọn ṣe.”

“O tún wọn ṣe?”

“N kì í ṣe iṣẹ́ ààbọ̀.”

Auntie wà lórí àga rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀. “Kí ló dé? Kí ló ń wò tó dákẹ́ bẹ́ẹ̀?”

“Iṣẹ́ ló ń wò, Auntie,” mo dáhùn.

Tọ́ládé mí kanlẹ̀. Ohùn tó fi bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà jẹ́ irú èyí tí nọ́ọ̀sì máa ń fi bá ẹni tó fẹ́ dìde lórí ibùsùn sọ̀rọ̀. “Uncle, gbọ́. Ọ̀rá yẹn ti yọ́ wọ inú pépà. Kì í ṣe orí ẹ̀ ló wà mọ́, inú ẹ̀ ló wà. Tá a bá ní ká bó o, ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ á bá a lọ. Tá a bá sì fi í sílẹ̀, pépà yẹn á máa jẹ ara ẹ̀ níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í gba nǹkan tí wọ́n ti laminate. Òfin ni.”

Bí ẹnì kan bá ń ṣàlàyé nǹkan fún mi, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fa bírò yọ, mo fa pépà pélébé kan yọ nínú àpò ẹ̀wù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ: “Ọ̀rá yọ́ wọ inú.”

“Uncle.” Ó na ọwọ́. “Níbo lo ti rí pépà yẹn?”

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe pépà náà hàn nínú rẹ̀, adé kékeré kan, pẹ̀lú ọdún 1878. Lórí adé náà ni mo kọ “ẹyin, ọṣẹ, ẹ̀wà inú agolo” sí.

“Ó ṣẹ́ kù?”

“Ó ṣẹ́ kù díẹ̀,” mo ní. “Mo ti lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Méjìlá ni mo fi kọ ìkíni ránṣẹ́ sílé, wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà.”

N kò mọ ìdí tí mo fi dárúkọ méjìlá yẹn. Mo rò pé mo fẹ́ kó mọ̀ pé n kò lò ó fún ìlòkulò. Tọ́ládé dà bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún dà bí ẹni tó fẹ́ sunkún. Nígbẹ̀yìn, ó béèrè omi mímu.

Auntie dúró kí ó mu omi náà tán. “Ṣé ohun tó ń sọ ni pé wọn ò ní gbà á?”

Tọ́ládé wò mí. Èmi náà wo Tọ́ládé.

“Gbénró, ìwọ ni mo ń bi.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ma. Wọn ò ní gbà á.”

“Nítorí kí ni?”

“Nítorí ohun tí mo ṣe sí i.”

Auntie fi àtẹ́lẹwọ́ ra orúnkún rẹ̀, lọ, bọ̀. “Àwọn ti àkọ́kọ́, bàbá àgbà mi ló kéré lójú wọn. Àwọn tibí fẹ́ ẹ. Wọ́n fẹ́ ẹ, Gbénró. Wọ́n wọkọ̀ wá bá mi nílé.”

Mo dìde. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìlànà tí mo tẹ̀ lé, láti orí ẹ̀kọ́ kẹrin, níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa ìwé àdéhùn àwọn oníbàárà tó ń ra rọ́bà.

“Jókòó,” Auntie ní. Mo jókòó. Ó kọjú sí Tọ́ládé. “Ọmọ mi, kó o tó máa lọ, ka ọ̀kan fún mi. Ojú mi ò lè kà á mọ́. Látìgbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ yìí ti gbé e lọ, kò ka ẹyọ kan fún mi. Iṣẹ́ ló ń ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ti òfin lọ, nítorí pé òótọ́ ni. Mo ti wọn gbogbo ìwé náà, mo ti gé wọn, mo ti lu wọ́n níhò. N kò ka ju ìlà àkọ́kọ́ lọ nínú èyíkéyìí, ìyẹn náà sì jẹ́ kí n lè mọ abẹ́ àwọ̀ tí màá fi sí.

Tọ́ládé ṣí fáìlì náà sí ibi tó bá ṣí. Lẹ́tà kan ni, tí Dókítà kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ oníṣègùn ní Èkó. Ó kà á ní èdè òyìnbó, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá bó ṣe ń lọ. Dókítà ní òun fún ọkùnrin kan tí ibà ń ṣe ní oògùn tí yóò tó o lò títí ara rẹ̀ á fi yá. Nígbà tí òun padà lọ wò ó, ó ti pín oògùn náà fún gbogbo agbo ilé, ọmọdé àti àgbà, ẹnu kọ̀ọ̀kan. Ara ẹnì kankan kò yá, gbogbo wọn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Auntie pàtẹ́wọ́. “Ilé àwọn alágbẹ̀dẹ nìyẹn! Fàtáì ni wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn! Èmi àtàwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ la jọ lọ iléèwé. Ilé yẹn, wọn kì í dá nǹkan mu láéláé. Tó o bá fún ọ̀kan nínú wọn ní súìtì, á fi òkúta fọ́ ọ, á pín in kiri.”

“Mummy, ẹ mọ̀ ọ́n?” Tọ́ládé ní.

“N ò bá a láyé. Bàbá mi ló sọ fún mi. Ó ní lẹ́yìn ìyẹn, Dókítà á gbé àga lọ síwájú ilé wọn láràárọ̀, á jókòó, á ní, ‘Fàtáì, ya ẹnu.’ Á fọwọ́ ara ẹ̀ da oògùn sí i lẹ́nu, á dúró kó gbé e mì. Gbogbo agbo ilé á wá tò sẹ́yìn Fàtáì, àwọn náà á ya ẹnu kalẹ̀! Dókítà á máa bú wọn ní gẹ̀ẹ́sì, àwọn á ní, ‘Àmín.’”

Tọ́ládé rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó yẹ ewé yòókù wò kíákíá. “Kò sí níbí, Mummy. Kò kọ nǹkan kan nípa àga.”

“Ṣé ó máa kọ ọ́ ni? Ó ń tì í lójú.”

Tọ́ládé fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ka òmíràn: orúkọ obìnrin kan, ẹsẹ̀ wíwú, ìlà méjì péré. Auntie sọ irú ẹni tí obìnrin náà jẹ́, ohun tó ń tà, ìdí tí kò fi jẹ́ kí Dókítà fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, àti ẹni tó bá wọn parí ìjà. Ó ka òmíràn sí i. Ìwé á sọ gbólóhùn kan, Auntie á sọ ogún. Nígbà tó yá, Tọ́ládé ní kí á yọ̀ǹda òun díẹ̀, ó mú fóònù, ó bọ́ sí bákóńì, ó ti ilẹ̀kùn. A ń rí i láti ẹ̀yìn gíláàsì bó ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀, tó ń nawọ́ sí wa, tó ń gbọn orí.

Ó ku èmi àti Auntie.

“Gbénró.”

“Ma.”

“Ká ní Fọlárìn ni mo gbé e fún, inú gáréèjì ló máa wà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ma.”

“Lódindi.”

Mo wo ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Tọ́ládé wọlé, otútù ti mú imú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Auntie, ó ní ọ̀gá òun sọ pé àwọn kò lè gba ìwé náà bó ṣe wà yìí, àfi bí nǹkan mìíràn bá wà tí àwọn ń tọ́jú tí ìwé náà wulẹ̀ ń tì lẹ́yìn. Bí Auntie bá gbà kí àwọn gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó máa sọ ohun tó mọ̀ lórí ewé kọ̀ọ̀kan, àwọn á gba ohùn náà, àwọn á sì kó fáìlì náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa lóye èkíní láìsí èkejì. Yóò gba kí òun máa wá léraléra. Orúkọ Dókítà Esekíẹ́lì Pálmà ni yóò wà lára rẹ̀.

“Àti Ìtúnlá,” Auntie ní. “Kí wọ́n kọ Ìtúnlá sí i. Gàdàgbà.”

“Àti Ìtúnlá, Mummy.”

“Ìgbà wo la máa bẹ̀rẹ̀?”

“Mo lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Ọmọ mi, ṣé o mọ iye ọdún mi? Bẹ̀rẹ̀ báyìí.”

Tọ́ládé rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní ìyẹn á ṣe é fún ti òní. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí Auntie sọ orúkọ rẹ̀. Auntie tún gèlè rẹ̀ ṣe bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò, ó sì dárúkọ ara rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ àti ti Dókítà.

Mo ronú pé ó yẹ kí n wúlò. Bí Tọ́ládé ṣe nawọ́ sí fáìlì, mo ti ṣáájú rẹ̀, mo ṣí ewé fún un. Ọ̀rá náà dún wàràwàrà, bí ẹni ń tú páálí bísíkíìtì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Tọ́ládé gbé ọwọ́ sókè. Mo ní pẹ̀lẹ́ o, mo rọra dá ewé náà padà, díẹ̀díẹ̀, kó má bàa pariwo. Ó wá ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn kò fi epo sí.

“Uncle, ariwo ẹ̀ ń wọ inú fóònù,” Tọ́ládé ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Mo ti fẹ́ ṣe tán.”

“Gbénró!” Auntie kò rẹ ohùn sílẹ̀ ní tirẹ̀. “Gbé ọwọ́ ẹ kúrò lára ìwé bàbá àgbà mi! Ṣé èyí tó o ti ṣe ò tó ẹ ni? Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ọmọ mi, látìgbà tó ti wà ní kékeré. Tó bá fọ abọ́, á fọ àwọ̀ kúrò lára ẹ̀.”

Gbogbo rẹ̀ wọ inú fóònù náà. Tọ́ládé na ìka láti dá a dúró. “Ẹ má bínú, Mummy. Tí mo bá délé, màá gé ibi yẹn kúrò.”

“Má gé e,” Auntie ní. “Fi í síbẹ̀. Kí àwọn tó bá ń gbọ́ ọ mọ ẹni tó ṣe é.” Ó sún mọ́ fóònù náà, ó tún ọ̀fun ṣe. “Ọ̀dọ̀ ìyá Fàtáì ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yẹn ló kọ́ wọn ní pínpín.”

Mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan mi, mo sì ń gbọ́.